Dókítà Tí Ò Ní Aláìsàn

Ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ nípa rẹ. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún ẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aṣọ tí a sá. Mo ti kí ọ tán, jẹ́ kí n wá bínú.

Ìwé ni mo kọ torí pé fóònù tí o rà fún mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé síbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, ò ń sọ̀rọ̀. Mo dá ọ lóhùn, ò ń bá tìẹ lọ. Mo ní kó o dúró, o ò dúró, bẹ́ẹ̀ mi ò kọ́ ọ pé kó o máa já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Mo tún tẹ̀ ẹ́ bóyá o ti ronú, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún sọ. Bàbá rẹ ní ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún orí kunkun yẹn.

O ní o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà tó ń tọ́jú àdúgbò lódindi, àti pé o ò ní buwọ́ lùwé àfi tí mo bá gbà. Mi ò gbà. Dókítà iṣẹ́ abẹ ni mo sọ fún gbogbo ayé pé o máa ṣe. Mo ti yan ibi tí a máa gbé fọ́tò rẹ kọ́ sí lára ògiri, ìwọ pẹ̀lú ìbomú. O wá ní kànga àti ṣáláńgá lo fẹ́ máa wò kiri. Ṣé wolé-wolé ka ìwé tó ìyẹn kó tó máa yọjú sínú ìkòkò omi olómi? O tún ní àwọn tí ò tíì ṣàìsàn lo máa tọ́jú. Ẹni tára ẹ̀ le, kí ló ń wá dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o ní a ò gbọdọ̀ mu omi tí a ò sè, o ní kí káfíńtà ọ̀ọ́kán wa kan ìdérí sí kànga wa, o gbé ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí. Òjò dé, ìgbẹ́ gbuuru wọ àdúgbò. Ó wọ ilé ìyá télọ̀ tó múlé tì wá, ó wọ ilé káfíńtà tó kan ìdérí fún wa tí ò kan tiẹ̀, ọmọ ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò ya ilé wa. Bàbá rẹ tí inú ẹ̀ máa ń yára dàrú pàápàá ń jẹ, ó ń sùn.

Ṣé o rò pé wọ́n bá wa yọ̀? Torí pé èmi àti ìyàwó káfíńtà ti ṣe gbólóhùn asọ̀ kí òjò tó dé, ìyá télọ̀ ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ fẹ́ kú lónìí. Ká ní o la inú èèyàn ni, wọ́n á rí ojú abẹ, wọ́n á dúpẹ́. Àìsàn tí ò wá ńkọ́, ibo ni kí n ti mú un jáde fi hàn wọ́n?

Wọ́n gbé ọmọ náà dé láti ọsibítù. Mo rí ìyá ẹ̀ tó ń bu omi kànga tí ò ní ìdérí yẹn fún un. Mo sáré gbé omi sísè wa lọ, ó ní kí n gbé májèlé mi kúrò níwájú òun. Mo sunkún délé.

Torí náà, buwọ́ lùwé yẹn, má fi falẹ̀. Kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, kó o wá bá mi sọ ọ́ fún wọn, torí wọn ò gbọ́ tèmi. Inú ṣì ń bí mi o.

Fi owó ránṣẹ́ kí káfíńtà kan ìdérí sí kànga tiẹ̀ àti ti ìyá télọ̀, má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́. Èyí tó o ní o fi síbẹ̀ nígbà yẹn, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Wàá lé àìsàn jìnnà débi pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ torí pé ara àwọn ará ilé ẹ̀ le.