Àga Márùn-ún Létí Òkun

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Opó ni mí, Alicante, ìlú etí òkun kan ní Spain, ni mò ń gbé.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń múra de àwọn ọmọ mi fún ìsinmi oṣù kẹjọ. Mo ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo ti pín yàrá. Àfi bí Rosaura, àkọ́bí mi, ṣe pè mí láti Madrid: "Mọ́mì, ẹ má bínú, òkun ti sú àwọn ọmọ. Orí òkè ni gbogbo wa ti fẹ́ lọ sinmi lọ́dún yìí."

Mo ní kò burú. Ó burú o.

Létí òkun níbí, ẹni tí kò bá ri agboòrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní ríbi jókòó nítòsí omi. Ni mo bá wọ́ àga márùn-ún lọ bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún. Fermín, aládùúgbò mi, bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá, ìdí kan, àga márùn-ún! Àwọn èèyàn yín dà?"

Mo ní wọ́n ń bọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, obìnrin kan tó gbọ́mọ lọ́wọ́ tọrọ àga kan. Mo ní rárá, ẹni tó ni ín wà lọ́nà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: lọ́la, àga mélòó ni kí n gbé lọ?