Àwọn Kòkòrò Inú Ìró Ìyá Yín

Ọmọ mi Adúmáadán,

Ẹ forí jì mí nítorí ìkọ̀wé mi tó rí gbágungbàgun yìí, kíláàsì kẹrin ni mo kà dé, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Ojú tún ń tì mí pé mo kọ “ọmọ mi”, torí oṣù mẹ́ta péré rèé tí mo ṣe ìyàwó dé ilé bàbá yín. Ṣé ẹ wà dáadáa ní Kútọnu? Ìwé kíkà kò ní sú yín láṣẹ Ọlọ́run. Bàbá yín ti lọ síbi iṣẹ́ ní Onígbóló, wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹ wá gbọ́! Ìdílẹ̀kẹ̀ àbúrò yín jẹun lọ́wọ́ mi lánàá! Ọmọ tó jẹ́ pé tí mo bá sún mọ́ ọn, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló ń sá lọ! Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí tẹlifóònù ló ṣe é, pé àwọn kòkòrò kan ń gbé lára wa tí ojú kò lè rí, pé tí ẹran bá ń lá ọmọ rẹ̀, wọ́n á bá itọ́ bọ́ sára ọmọ, àti pé bóyá àwọn gan-an ló ń ti ìyá kó má fi ọmọ sílẹ̀, kí àwọn náà lè rí ilé tuntun gbé. Ẹ ní àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé kò tíì dájú. Lọ́dọ̀ tèmi, ó ti dájú.

Ṣùgbọ́n àyà mi já. Ẹ má sọ fún bàbá yín o. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo rí ìró ìyá yín olóògbé tí ọmọ yẹn fi ń bora, mo ní kí n ṣe dáadáa, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àṣé gbogbo kòkòrò ìyá rẹ̀ ni mo fọ̀ dànù!

Mo wá ń fi kòkòrò tèmi dípò wọn. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun, mo sì máa ń kọ́kọ́ gé àkàrà rẹ̀ jẹ kí n tó fún un. Ìyá àgbà bi mí pé ṣé ebi ló ń pa mí tó bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ fi tẹlifóònù pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, bóyá tiyín á gba ibẹ̀ wá. Àwọn kòkòrò yìí ti ń ti èmi náà, torí tí mo bá lọ sóko, ọkàn mi kì í kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tí aṣọ ìyá yín kan bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò tíì fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó le kí àwọn kòkòrò má baà bọ́ sọ́nà, ẹ gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Pọ́bẹ̀. Kí ẹ bá mi san owó ọkọ̀ rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á fi ọmọ tí yóò rọ̀ mọ́ yín jíǹkí yín, ẹ kò ní ṣi ọmọ…

Ẹ dúró ná, ẹnì kan ń pe “Màmá” lẹ́yìnkùlé. Kò sí ọmọ mìíràn nílé. Adúmáadán, èmi ló ń pè!