Oògùn Ni Mò Ń Lò, Oúnjẹ Tútù Ni Ìyàwó Mi Jẹ́rìí Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi lórí pèèjì yìí, irọ́ ni mo pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, irọ́ náà sì fẹ́ pa èèyàn báyìí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Òmù-Àrán là ń gbé, tíṣà ni mí ní Èsìẹ́.

Ní bí ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, dókítà ní kí n máa lo oògùn lójoojúmọ́. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ẹ má dá a lẹ́bi o... bàbá ẹ̀ ń lo oògùn ọsibítù títí wọ́n fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbà pé oògùn yẹn ló pa wọ́n. Ló bá lọ rí raw food lórí fóònù. Ó ní a ò ní dáná mọ́, ohun tí ilẹ̀ wa bá mú jáde lásìkò ẹ̀ la ó máa jẹ ní tútù. Kárọ́ọ̀tì àti ápù tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè Ọya kò gbọdọ̀ wọlé wa. Ìyá ẹ̀ ń fi ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà tútù ránṣẹ́ láti oko wọn ní Agbamu. Àsìkò kajú, a jẹ kajú. Àsìkò máńgòrò, a jẹ máńgòrò títí eyín fi kan wá. Nígbà òjò, àgbàdo tí kò tíì gbó, a ó rún un mọ́ tòmátì àti ẹ̀fọ́ tútù bí ewúrẹ́... Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ara tiẹ̀ le, kò sí nǹkan tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní jẹ́ kí n dá a jẹ. Ó rù. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn. Kò yẹsẹ̀.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe dá oògùn dúró. Kò pé oṣù kan tí òòyì fi kọ́ mi níbi asémbìlì, ọ̀pá àsíá ni mo dì mú. Mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù, ó bú mi dáadáa, ó tún fún mi lóògùn. Inú páálí ṣọ́ọ̀kì nílé-ìwé ni mò ń fi í pamọ́ sí, mò ń lò ó láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ tán... ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, iyán gbígbóná ni mò ń jẹ ní Èsìẹ́, màá fọ ẹnu mi dáadáa kí n tó wọ mọ́tò wálé.

Ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Inú ìyàwó mi dùn, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Ọlọ́run fi èso oko wo ọkọ òun sàn láìlo oògùn kankan. Pásítọ̀ yíjú sí mi, "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ìyàwó mi ń sunkún ayọ̀... kí ni ǹ bá sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Alàgbà kan wà nínú ìjọ wa, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá sílé, ìyàwó mi kọ gbogbo ohun tí wọn ó máa jẹ sílẹ̀ fún wọn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pàdé wọn lọ́nà, ojú wọn pọ́n, wọ́n fara ti ògiri, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, mo ti da gbogbo oògùn mi sí ṣáláńgá o!"

Lánàá, mo tan Bàbá alàgbà yìí pé kí wọ́n sìn mí dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n, ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé oògùn síwájú wọn, Bàbá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọjú sí mi: "Èwo nìwọ lò kí tìẹ tó wálẹ̀? Sọ fún un." Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló ń fún mi ní tèmi! Ó ń wò mí. Bàbá ń wò mí. Mo ní kí wọ́n kúkú gbà á fúngbà díẹ̀ ná... Bàbá ní ìgbàgbọ́ mi ti ń yẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò lè tú àṣírí ẹni tó wá gbàtọ́jú lọ́dọ̀ òun. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè tú tiyín, Tíṣà."

Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Tí mo bá sọ fún Bàbá, gbogbo ìjọ á gbọ́, ojú á ti obìnrin tó ń febi pa ara ẹ̀ torí mi. Tó bá jẹ́ ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ṣé á tún gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mi gbọ́ láyé? Báwo ni mo tiẹ̀ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ tètè dáhùn... Ọmọ Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìyàwó mi ni, ó ní orí ń fọ́ Bàbá gan-an, ṣé kí àwọn fi kún kúkúmbà tí ìyàwó mi ní kí wọ́n máa jẹ ni. Ìyàwó mi ti ń wá bàtà ẹ̀ báyìí, ó fẹ́ gbé kúkúmbà sí i lọ fún wọn.