Ta Ní Ń Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà?

Kínìyẹn ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun lásìkò, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe àmín. Bó bá jẹ́ rárá, mo ṣì ṣe àmín, torí àdúrà tí mo gbà fún ọ láàárọ̀ yìí kò dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò dè ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já sí i.

Àlàáfíà la wà nílé. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó wú ti ń lọlẹ̀, wọ́n ti lè wọ bàtà, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara ti yá. Aṣọ ilé ìwé ni mo ń tún ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ń ga, àwọn òbí wọn ní kí n tú ìṣẹ́tí sílẹ̀, wọn ò fẹ́ ra tuntun.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Nígbà tí o sọ lórí fóònù pé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti gbà ọ́, mo jó. Mo rò pé ìròyìn lo fẹ́ máa kọ. Àṣé ìbéèrè ni wọ́n ní kí o máa béèrè! Mo ra ìwé ìròyìn náà, mo ṣí i dé ojú ewé tí o ní kí n wò, mo sì rí àwọn àpótí kéékèèké tí o tò kalẹ̀, gbogbo wọn ṣófo, àwọn kan dúdú bíi pé yíǹkì dà sí wọn. Mo ní háà, ọmọ yìí ò tíì jáwọ́ nínú dída yíǹkì sórí ìwé. Abẹ́ wọn ni ìbéèrè wà lóríṣiríṣi: kí la fi ń jẹun, ta ló bí ìyá ẹni. Kínìyẹn! Ìwọ tí mo fẹnu ara mi kọ́ ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí! Bàbá rẹ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé láti kékeré lo ti ń béèrè pé kí nìyẹn, kí nìyẹn, títí ó fi di orúkọ rẹ, pé ohun tó kàn yàtọ̀ báyìí ni pé wọ́n ń sanwó oṣù fún ọ lé e lórí.

O ti sọ fún mi pé o mọ ìdáhùn kí o tó béèrè. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi, o kì í fẹ́ ká mọ̀ bí nǹkan bá rú ọ lójú. Ta ló ń béèrè ohun tó mọ̀, bí kì í bá ṣe ọlọ́pàá àti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ wọlé? Wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìdáhùn ń bọ̀ lọ́la. Mo ní ó tán, ọmọ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan sí i. Ọ̀gá wo ló máa gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé ọ, ni mo bá ní ká máa ràn ọ́ lọ́wọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọjú sí ilé wa ni mo pè, èyí tí a ń pè ní Kògún, torí kò sí ohun tí o gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé kò gún. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó wo àwọn àpótí náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó ní iṣẹ́ òun nìyí, pé ibi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti pàdé, lẹ́tà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí igi méjì ṣe ń wọnú ara wọn nígun tábìlì. Bí a ṣe ṣe é tán nìyẹn. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ ojú ewé náà, mo pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí mi káàbọ̀. Mo kí i padà, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo wá ka ìdáhùn fún un látòkè délẹ̀. Ó kàn ń ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo ní má ṣèyọnu, ìyá mi, a ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kò sí èyí tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìdáhùn wa ló jáde bí mo ṣe kà á! Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń ṣe é lójoojúmọ́, iṣẹ́ rẹ sì dúró.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wàhálà dé. O béèrè pé, ta ní ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ẹni tó ń retí yóò fi dé? Àpótí mẹ́ta. Mi ò tiẹ̀ dúró de Kògún. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ọmọ mi ò gbàgbé. Bírò ni mo fi kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa: ÌYÁ.

Kògún dé, ó ní kò gún. Ó ní ohun tí a fi ń ríran ló gba àárín rẹ̀ kọjá, pé bí a bá fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú á di oyú. Mo ní bóyá oyú ni wọ́n ń pè é ní ìlú ńlá, ta ló mọ̀? Ó ní igi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó wọlé tàbí kò wọlé. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Bàbá rẹ ní ṣé torí àpótí tí kò ṣe é jókòó lé ni mo fi fẹ́ bá aládùúgbò jà.

Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí ìwé ìròyìn. AJÁ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kínìyẹn, ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò pe obìnrin orí fóònù yẹn mọ́ látìgbà náà, bó bá ti fa ìjọ̀gbọ̀n fún ọ níbi iṣẹ́, má bínú.

Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé o ò jẹ̀bi tán. Nígbà tí o wà nílé, Bánúsọ ló ń jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Bí o bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, ìrù ajá yẹn ni mo fi ń mọ̀. O lọ tán, kò kúrò níbẹ̀. Bí òjò bá ń pa á, a ó fà á wọlé, yóò tún jáde. Ohun tí a ò sọ fún ọ lórí fóònù rèé, torí bàbá rẹ ní o máa sunkún lójú àwọn èèyàn: Bánúsọ ti kú. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni, ojú ọ̀nà ló kọjú sí. Bàbá rẹ ló sin ín sẹ́yìn ilé, tòun ti ẹsẹ̀ wíwú yẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnu ọ̀nà wá ṣófo. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síbẹ̀, mo ní torí ìmọ́lẹ̀ ni. Gbogbo wọn gbà, àfi Kògún. Ó wá wo ẹsẹ̀ àpótí tí mo ń jókòó lé, ó bá ìwé ìròyìn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo AJÁ, ó wo èmi náà, ó ní ìdáhùn ọmọ yín yìí, kò gún.

Nítorí náà, bí owó bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹsẹ̀ àpótí mi, ó ti ń mì. Fi owó ìwé ìròyìn sí i, torí a ò lè dá iṣẹ́ rẹ dá ọ. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo máa mú un wá, inú bàbá rẹ á dùn, wọn ò kàn ní sọ ọ́ ni.

Ọlọ́run á là ọ́ lójú. Ibi tí o bá ti béèrè, wọ́n á dá ọ lóhùn. O ò ní kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ní sí lẹ́yìn rẹ̀. Wá tún ìdáhùn yẹn kọ, ọmọ mi. Ajá ti lọ sinmi. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.