Abẹ́rẹ́ Méjì Lórí Òkè Kan

Sátidé, 4 Oṣù Kìíní
Bàtà, ọgọ́ta pọ́n-ùn. Irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má yọ̀, ogójì — àlòkù. Àáké yìnyín, mo yá ti Ishbel àbúrò mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí n ó bá ọkọ mi gun òkè nínú yìnyín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jókòó ti fèrèsé, tí mò ń wọ̀nà fún un.

Mọ́ńdè, 6
Ọ̀gá Òkè — Torquil ọkọ mi náà ni — ń kọ́ mi lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń lo kọ́ńpáàsì, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá. Tèmi ní iwájú ni àríwá. Tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ni. Ó ní, "O dorí ẹ̀ kodò ni, ìyàwó." Mo yí i. Abẹ́rẹ́ ò yí. Ó ní ọjà pọ́ọ́kú ni mo rà. Bóyá. Èmi tí mi ò kàwé jìnnà.

Túsìdeè, 7
Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Orí mi dàrú.

Ọjọ́rú, 8
Ní ìlú òtútù wa yìí, tó bá di ọ̀sán gangan, gúúsù ni oòrùn máa ń wà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Mo gbé kọ́ńpáàsì méjèèjì sójú fèrèsé. Tirẹ̀ kọjú sí oòrùn, ó ní àríwá nìyẹn. Tirẹ̀ o — olówó gọbọi. Àpò àyà kan náà ni òun àti fóònù jọ ń gbé, òòfà sì wà lára ìdérí fóònù yẹn, tó lè yí abẹ́rẹ́ sódì. Àbí èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń wò? Mo sọ fún un nídìí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dà sí i láyà. "Oòrùn ló wá fẹ́ kọ́ mi ní òkè gígun?"

Sátidé, 11
Kùrukùru bò wá lókè. Ilẹ̀ funfun, ọ̀run funfun. Ọ̀gbun wà lápá àríwá, ilé wà ní gúúsù. Kọ́ńpáàsì tirẹ̀ ní ká máa lọ síwájú. Tèmi ní ká yí padà. Èwo? Mo jókòó sínú yìnyín.
"Dìde, òtútù á pa ẹ́."
"Kó pa mí síbi tí wọ́n á ti rí mi."
Ó lọ. Kò tó ogún ìṣísẹ̀, mi ò rí i mọ́. Mo pè é, kò dáhùn. Nígbà tó padà, ó rọra ń tọ ipasẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀. Ó ní òun fi ọ̀pá ìtilẹ̀ òun gún yìnyín níwájú, ọ̀pá wọlé, kò bá ilẹ̀. Ó na ọwọ́. "Mú kọ́ńpáàsì tìẹ wá."
A délé.

Sọ́ńdè, 12
A mu tíì tán. Lẹ́yìn náà ló ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni kí n máa ṣíwájú. Mo ní ó dáa. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ju ti àná lọ.