Omi Tí Ìyá Mi Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Pè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
A jàre! Adájọ́ ní kí Baba Àgádágodo — onílé wa — ṣí ẹ̀rọ omi inú ọgbà kó tó di Ọjọ́rú, kó má sì tún tì í mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ ayálégbé ni omi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló wọ̀ ọ́ lára. Lọ́yà onílé ló bi ìyá mi pé ṣé odò ò sí ni. Ó fò dìde: "Olúwa mi, omi ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n máa fi wẹ òkú mi, kì í ṣe omi odò!" Adájọ́ kọ ọ́ sínú ìdájọ́, ó sì kà á sókè.

Ọjọ́rú, 5
Omi dé. Aránṣọ yàrá kejì jó títí ìró rẹ̀ fi tú. Ìyá mi nìkan ni ò pọn omi. Mo ní kí ló dé, àbí ẹ̀rọ ń bu èèyàn jẹ ni? Ó ní, "Mo ti sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe."

Ọjọ́bọ̀, 6
Èmi fúnra mi ni mo ti ẹ̀rọ náà pa. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan! Mo ní wáṣà ẹ̀, rọ́bà inú ẹnu ẹ̀rọ, ló ti jẹ. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Wáṣà tuntun. Ìyá mi tún kọjá. Omi tún dà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo lọ bi akọ̀wé kóòtù bóyá èèyàn lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ padà. Ó wò mí bí wèrè. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ jàre, àǹtí. Ohun tí adájọ́ bá ti kà sókè, ó ti di àṣẹ nìyẹn." Àṣẹ! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè — ìyá mi ló kọ́ mi lówe yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Mo ra àgádágodo, mo fi ti ẹ̀rọ náà pa. Èmi! Aránṣọ ń pè mí ní Ìyá Àgádágodo. Kó máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Láàárọ̀, ìyá mi ní ooru ń mú òun, kí n ṣí ẹ̀rọ, ó ti rẹ òun láti máa sá fún un. Mo ní láéláé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn, mo gbé korobá, mo gba odò lọ — ọ̀nà jíjìn tá a torí ẹ̀ pẹjọ́.

Nígbà tí mo dé, ó ti nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Irun rẹ̀ rin gbìndìn. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì tutù. Mo pè é títí. Yéè, ìyá mi!

Àgádágodo ṣì wà bí mo ṣe tì í. Aránṣọ ń sunkún, ó gbé korobá mi, ó ní ká fi omi odò yẹn wẹ̀ ẹ́. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.