Kòtò Mẹ́ta Lẹ́bàá Odò

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1896

Ọ̀dá. Odò Òkè-Àgbò ti fà, omi tó kù dúdú, ó ń rùn. Abibat àti àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da omi aró sí i lókè. Àwa ń pọnmi nísàlẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni ìgbẹ́ gbuuru ti dá dùbúlẹ̀. Gbénró ẹ̀gbọ́n mi bi mí níwájú ìjọ: "Simeon, ìwọ lo kàwé. Kí ló ń ṣe wọ́n?" Mo ní omi aró ni. Ó dá mi lójú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Lará, àbíkẹ́yìn Gbénró, kú láàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Baba rẹ̀ kò sunkún. Ó jókòó, ó ń pọ́n àdá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Gbénró kó ọkùnrin mẹ́jọ lọ síbi àwọn aláró. Ìkòkò aró mọ́kàndínlógún — wọn ò dá ọ̀kan sí. Wọ́n fi irun wọ́ Abibat gba orí àpáàdì. Nọ́fíù ọkọ rẹ̀ fi ọ̀pá dí wọn lọ́nà; Gbénró gé ìka rẹ̀ méjì sọnù. Kí n tó sáré débẹ̀, ó ti parí. Ẹ̀jẹ̀ àti aró lẹ́sẹ̀ gbogbo wa. Mo fọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò bọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ kí Nọ́fíù. Abibat ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ ohun tí mo rí ní Èkó, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi òjò nínú yanrìn àti èédú. Kòtò mẹ́ta, ọ̀kan nísàlẹ̀ ọ̀kan: eérú inú omi aró á rọlẹ̀ nínú àkọ́kọ́, yanrìn àti èédú á sẹ́ omi nínú èkejì, ti ẹ̀kẹta nìkan ni yóò wọ odò. Abibat ní kí n mú ọkọ́ wá.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti parí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Abibat yá ìkòkò méjì, ó ti ń rẹ aró padà. Ojoojúmọ́ ni Nọ́fíù ń fi ọwọ́ kan ru yanrìn, kò bá mi sọ̀rọ̀ àfi lónìí. Ó bu omi kòtò kẹta sínú igbá, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó mọ́." Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òkú ajá nínú kòtò kẹta. Mo mọ ẹni tó jù ú síbẹ̀. Mo yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ mìíràn kú. Gbénró ní kòtò ló fà á. Kò yé mi — ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí aró ti kan odò kẹ́yìn. Mo gòkè odò, mo kọjá ibi àwọn aláró. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti rí i: ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ti ya, ẹ̀gbin ń ṣàn wọ omi. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo sáré padà sí ìdí kòtò.

Mo pẹ́. Nọ́fíù ti dojú bolẹ̀ lórí yanrìn kòtò kejì, wọ́n ti fi àdá ṣá a lọ́rùn. Gbénró dúró lókè rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní, "Irọ́ lò ń pa." Mo tún un sọ. Ó gbá mi lẹ́nu, eyín kan jáde. Ó tún gbá mi. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹtì, ogúnjọ́

Àná náà ni wọ́n sin Nọ́fíù. Mo lọ bá Abibat láàárọ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: omi tó pa àwọn ọmọ, ẹni tó gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀, ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní kí n tún un sọ kí wọ́n gbọ́. Mo tún un sọ.

Ó bi mí pé tí a bá gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn ìjòyè lọ́la, orúkọ ta ni n ó kọ́kọ́ dá. Mo ní tèmi.

Gbénró ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. N kò lọ.